Iṣu Titun Tí Mo Kéde Kí Ọjọ́ Rẹ̀ Tó Pé

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí n kò ṣe fún yín. N kò ṣe tíṣà, n kò ṣe akọ̀wé ìjọba. Nínú ilé bàbá mi l'Adó, ẹni tí kò bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, wọ́n gbà pé kò ṣe nǹkan kan láyé nìyẹn. Ẹnu ni mo fi ṣiṣẹ́. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi wà nínú mọ́tò láti Fájuyì ní ìgboro Adó dé Ìyìn, láti Adó dé Ìjàn àti àwọn ìlú kéékèèké tó wà láàárín, tí mò ń kéde ṣọ́ọ̀bù tuntun, búkà tuntun, ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà àti ilé tí wọ́n fẹ́ kó àwọn ayálégbé sí. Bí ẹlẹ́ja yìnyín bá ra fíríìjì ńlá, èmi ni wọ́n ń wá. Bí aránṣọ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ni. Ìyá Ìpolongo ni orúkọ tí wọ́n sọ mí. Ojú máa ń ti àwọn ọmọ mi tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ náà nígbà tí wọ́n wà ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n òun náà ló rán wọn lọ ilé ìwé ọ̀hún.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ń dárí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà wa, Ọ̀gá Ajíbádé, tó ń fi mọ́tò kéde ọjà kiri, ń kọjá lọ níta. Ó dúró títí a fi ṣe tán, ó ní kí wọ́n bá òun pe ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ ń ti orí òrùlé jáde yẹn. Ó bá àwọn òbí mi sọ̀rọ̀, nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ajé mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń fún mi lóṣù kò tó ohun tí à ń sọ, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Èmi rò pé lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni yóò gbé gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin gbáko, n kò fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ẹnu. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá gbé iṣẹ́ wá, Ọ̀gá á ní kí n lọ ra nǹkan níbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, kí n wò ó bóyá wọ́n á kí mi dáadáa, bóyá wọ́n á fún mi ní ṣéńjì mi láìjẹ́ pé mo bá wọn jà. Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fẹ́ ká kéde ọjà òun. Ọ̀gá ní kí n fi ọṣẹ náà wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹta, ara mi wú, mo ń họ ara bí ajá tó sùn sínú eérú. Ọ̀gá wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọṣẹ ọ̀hún ti kéde ara rẹ̀." A kò kéde ọṣẹ náà.

Ti búkà ló dùn jù. Ọjọ́ mẹ́ta léra ni mo gbọ́dọ̀ jẹun níbẹ̀, nítorí Ọ̀gá ní ọjọ́ kìn-ín-ní kì í ṣe ọjọ́, gbogbo ayé ló ń sè é dáadáa lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Mo sanra lọ́dún náà débi pé ìyá mi ń bi mí bóyá mo ti lóyún. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré nílẹ̀ wa. Àwọn ará ibòmíràn a máa wí pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnìkan kò bá tíì jẹ iyán lóòjọ́, á ní òun kò tíì jẹun.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà, a ó lọ síbẹ̀, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó sì kí gbogbo àwọn tí oko wọn bá a pààlà. Ajẹ́ńtì kan tó ń bá wọn ta ilẹ̀ wọ aṣọ kóòtù wá láti ìgboro, ó kó ìwé tó nípọn dání. A bá a dé ibẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ń ro ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà. A kí i, ó dá wa lóhùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ro oko rẹ̀ lọ. Bí a ṣe dé inú mọ́tò báyìí, Ọ̀gá ní kí ajẹ́ńtì máa bá tirẹ̀ lọ. Mo bi í pé kí ló rí.

"Dúpẹ́," ó pe orúkọ mi, ó ní, "àgbẹ̀ tí kò bi ọ́ ní ohun tó o wá ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rẹ̀, ó ti mọ̀. Ẹjọ́ wà nínú ulẹ̀ yẹn."

Kò pẹ́ rárá tí ẹjọ́ ọ̀hún jáde. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá mi ṣe rí. Kì í nà mí, kì í bú mi, ṣùgbọ́n bí mo bá pariwo lásán, á yí ojú sí mi, á ní, "Uṣẹ́ ẹnu ni mo ń kọ́ ọ, kì í ṣe uṣẹ́ ariwo. Ajá náà ń pariwo." Ojú rẹ̀ le ju pàṣán lọ.

Ohun tó le jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Bí a bá ti kúrò ní ìlú kan, Ọ̀gá á pa gbohùngbohùn, á bi mí pé: ọjọ́ wo ni ọjà ìlú tí a fẹ́ wọ̀? Ta ló kú síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí? Kí ni wọn kì í sọ níbẹ̀? Tí n kò bá mọ̀ ọ́n, a kì í wọ ìlú ọ̀hún. Á ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń lọ sópin, tí iṣu titun bá ti ń yọjú, iyán lásán la máa ń kéde fún àwọn búkà, a kì í sọ irú iṣu tó jẹ́, títí ìlú kọ̀ọ̀kan á fi jẹ ìjẹṣu tirẹ̀. Àwọn ìlú wa kì í jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ní àwọn ìlú mìíràn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi iṣu titun kan ẹnu kí ọba tó jẹ ẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Mo mọ pásítọ̀ kan ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú náà tó ń wàásù lòdì sí òrìṣà láti àárọ̀ dalẹ́, òun náà kì í jẹ ẹ́ kí ọba tó jẹ.

Àárò àkókò yẹn máa ń sọ mí, mi ò purọ́. Ní ọ̀sán, tí a bá ń wọ ìlú, ìró odó la ó kọ́kọ́ gbọ́ láti ilé dé ilé. Nígbà tí Ọ̀gá wá fún mi ní gbohùngbohùn níkẹyìn, bí mo bá ti la ẹnu, àwọn èèyàn á máa dáhùn láti ojú fèrèsé. "Ìyá Ìpolongo, ṣé ẹja rẹ̀ tóbi?" Èmi náà á dáhùn nínú gbohùngbohùn pé ó tóbi, pé mo fi ọwọ́ mi gbé e. Ẹlòmíràn á kígbe pé, "Ulé tí wọ́n fẹ́ fi yáni ńkọ́, ṣé kànga wà níbẹ̀?" Gbogbo àdúgbò á máa gbọ́ ìbéèrè àti ìdáhùn. Ìpolongo ìgbà náà dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń tàkúrọ̀sọ. Inú mi máa ń dùn débi pé n kì í mọ ìgbà tí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Nígbà tó yá, ojú Ọ̀gá di bàìbàì, ó jókòó sílé, mo di ọ̀gá ara mi. Mo ra mọ́tò akẹ́rù kékeré, mo gbé gbohùngbohùn méjì sórí rẹ̀. Ọ̀fun mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìpolongo sínú kásẹ́ẹ̀tì ní Fájuyì, pẹ̀lú orin lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí. Mọ́tò á máa lọ, kásẹ́ẹ̀tì á máa yí, ẹ̀yin á máa jẹ àgbàdo yín. Mo gbé ọ̀kan lọ fún Ọ̀gá gbọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ó dùn, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n kò lójú." Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí ojú ń dùn ni.

Nísinsìnyí ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Obìnrin kan wà tí à ń pè ní Ìyá Bọ́sẹ̀, tó ní búkà ní Fájuyì, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹun. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ó kó gbogbo ohun tó ní láyé jọ, ó fi kọ́ búkà kejì sí ìlú ọkọ rẹ̀, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Ìjàn tí n kò ní dárúkọ. Ó ní ibẹ̀ ni òun fẹ́ darúgbó sí, láàárín àwọn ará ọkọ òun. Ó wá bá mi pé kí n kéde fún òun. Ohun tó sọ fún mi yé mi yékéyéké: kí n sọ fún àwọn ará Fájuyì pé iṣu titun ti dé, nítorí ìgboro ni Fájuyì, iṣu láti Òkè Ọya ti kún orí àtẹ, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni. Kí n sì sọ fún ìlú ọkọ òun pé búkà ti ṣí. Níbẹ̀, ọba kò tíì jẹ iṣu. Iṣu èṣí tó wọ́n bí ojú ni Ìyá Bọ́sẹ̀ wá rà tó ń gún fún wọn, nítorí kò fẹ́ ṣẹ̀ wọ́n.

Iṣẹ́ méjì ni. Mo fi ọ̀lẹ sọ ọ́ di ọ̀kan. Nínú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, mo ní: "Iṣu titun ti dé o! Ẹ wá jẹ iyán iṣu titun lọ́dọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀, ní búkà rẹ̀ ní Fájuyì àti ní búkà rẹ̀ tuntun!" Mo sì dárúkọ ìlú náà. Ohùn mi dùn nínú rẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jáde.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo yí ìlú náà po ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo yí gíláàsì mọ́tò sókè nítorí ariwo, mò ń jẹ àgbàdo mi. Mo ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn láti ojú fèrèsé. Mo ní wọ́n ti lọ oko ni. Àwọn obìnrin kan jáde síta, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Mo juwọ́ sí wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Bọ́sẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà mi l'Adó. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

"Dúpẹ́, kí ni mo fi ṣe ọ́?" ó ní. "Àwọn àgbà ti fi màrìwò dí ẹnu ọ̀nà búkà mi. Wọ́n ní èmi ìyàwó ulé ni mo fẹ́ jẹ uṣu ṣáájú ọba. Uṣu èṣí ló wà nínú odó mi! Àbúrò ọkọ mi wò mí lójú, ó ní Adó ti bà mí jẹ́."

Ẹnu mi ló fà á. Èmi tí mo fi ẹnu jẹun. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó, mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tó ń wí.

Mo sáré lọ bá Ọ̀gá. Mo fẹ́ kó bá mi lọ bẹ̀ wọ́n, nítorí àwọn àgbà ìlú náà máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó jókòó níwájú ilé, ó tẹ́tí títí mo fi sọ tán.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mọ́tò ń lọ?" ó bi mí.

Mo ní kásẹ́ẹ̀tì ni.

"Ohùn ta ni?"

"Ohùn mi ni, sà."

"Ó dáa. Máa lọ."

Ó parí. Omi bọ́ lójú mi lójú ọ̀nà. Inú bí mi sí i, mo rò pé ó ti kórìíra mi. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé bí ó bá bá mi lọ ni, nítorí tirẹ̀ ni wọn ì bá fi dárí jì mí, kì í ṣe nítorí tèmi.

Mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn olóyè, mo sọ ohun gbogbo bí ó ṣe rí. Mo ní obìnrin náà kò mọ nǹkan kan, pé èmi ni mo da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Wọ́n rán èèyàn lọ wo iṣu inú búkà, iṣu èṣí ni lóòótọ́. Mo rò pé ó ti tán. Olóyè tó dàgbà jù nínú wọn mi orí.

"Àwa tí a wà níbí ti gbọ́ pé irọ́ ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n gbogbo ùlú ló gbọ́ ohùn rẹ. Bí a bá ṣí búkà lónìí, ta ni yóò jẹun níbẹ̀? Ohùn tó kéde ni kó wá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ulé dé ulé. Má gbé mọ́tò, má gbé ẹ̀rọ. Bó o bá parí rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìjẹṣu, a ó ṣí i. Bó ò bá parí, kí uyàwó wa kó odó rẹ̀ padà sí Adó."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fojú inú wò ó. Akéde ni mí. Bí àwọn èèyàn kò bá gba ẹnu mi gbọ́, kí ni mo tún ní tí mo lè tà? Síbẹ̀, mo ní láti máa kan ilẹ̀kùn ilé dé ilé, kí n máa sọ pé, "Ẹ kú ilé o. Èmi ni Ìyá Ìpolongo. Irọ́ ni mo pa mọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀. Iṣu èṣí ló gún." Ojoojúmọ́ ni mò ń wọkọ̀ láti Adó bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Àwọn kan dá mi lóhùn pẹ̀lú àánú, wọ́n fún mi lómi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí mi. Obìnrin kan ń gún iyán nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò dá ọmọ odó dúró. Mo sọ tèmi, ó ní òun kò gbọ́. Mo tún un sọ. Ó ní kí n sọ ọ́ sókè, ṣebí mo lóhùn nígbà tí mo wà nínú mọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sọ ọ́, tí mò ń kígbe lé ìró odó lórí pé òpùrọ́ ni mí. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Àwọn ọlọ́jà gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìjàn, wọ́n gbé e dé Ìyìn. Oníṣọ́ọ̀bù mẹ́rin gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ mi lóṣù yẹn. Mo parí ilé tó kẹ́yìn nígbà tí ìjẹṣu ku ọ̀la.

Wọ́n tú màrìwò. Lọ́jọ́ ìjẹṣu, Ìyá Bọ́sẹ̀ gún iṣu titun. Èmi dúró sí òdìkejì títì, n kò lè wọlé. Fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó wọlé. Lẹ́yìn náà, obìnrin tó mú mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé, wọ́n jókòó. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Kí oòrùn tó wọ̀, odó ti ṣófo. Ìyá Bọ́sẹ̀ fi iyán ránṣẹ́ sí mi níbi tí mo dúró sí. Òun kò jáde wá. Mo jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró.

Búkà náà gbèrú. Àwọn oníbàárà mi padà díẹ̀díẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ní nítorí ohun tí mo ṣe ni àwọn ṣe wá. N kò lo kásẹ́ẹ̀tì mọ́ láyé mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kéré bí èékánná, tí wọ́n sì gbọ́n jù ú lọ. Lónìí, inú fóònù ni gbogbo yín ti ń kéde. N kò bá yín jà. Mo kàn máa ń rò ó pé ta ni yóò bi yín bóyá ẹja tóbi.

Ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́sẹ̀ kò gbé iṣẹ́ fún mi mọ́. Ó ń kí mi, ó ń bi mí nípa àwọn ọmọ, bí mo bá kọjá á fún mi lóúnjẹ. Bí ó bá fẹ́ kéde nǹkan, ẹlòmíràn ló ń pè. Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. N kò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó dùn mí títí mo fi gbé gbohùngbohùn sílẹ̀ nígbà tí ọ̀fun mi kọ̀ jálẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Bọ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ wá bá mi l'Adó. Òun náà ti di ìyá àwọn ọmọ. Ó ní, "Màámi ní kí n wá mú yín wá, mà. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n fẹ́ fi búkà sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá wọn sọ fún ìlú."

Mo bá a lọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà búkà, ó ti gbó, èmi náà ti gbó. Mo ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ohùn mi ti lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní ẹ̀rọ ńlá pọ̀ nílẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Gbogbo wọn ló lè purọ́ mọ́ mi," ó ní. "Ùwọ nìkan ni mo mọ̀ tó lọ sọ ọ́ nínú ulé gbogbo èèyàn pé irọ́ ni."

Mo dìde, mo dúró sí ojú títì, mo la ẹnu. Ohùn mi kò dé ojúlé kẹta mọ́. Àwọn ará àdúgbò bá jáde nílé wọn, wọ́n súnmọ́ mi kí wọ́n lè gbọ́.